Ogún Ẹlẹ́nu-Méje, Ẹni Tí Màmá Rẹ̀ Pa Sínú Ìwé

Èmi tí gbogbo ilé alájà mẹ́ta yìí ń pè ní Ẹlẹ́nu-Méje nítorí mo máa ń sín ohùn èèyàn jẹ, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún, àkọ́bí màmá mi tí wọ́n ń kọ ìwé ìtàn ọ̀daràn, àti bàbá mi olóògbé tí wọ́n ṣọ́ géètì ilé ìwòsàn títí wọ́n fi kú, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ara mi le. Ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú mi. Bí wọ́n bá rí òkú mi lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kankan má gbà pé ibà ló pa mí. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ibi tí màmá mi wà.

Mo sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohùn tí mo fi ń kọ ọ́ kì í ṣe tèmi, ti Lọ́yà ìsàlẹ̀ ilé wa ni. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé-ìwé ní kíláàsì kẹta ni mo ti ń jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ́fíìsì wọn, débi pé mo mọ ibi tí wọ́n ti máa ń húkọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé "gẹ́gẹ́ bí òfin ti là á kalẹ̀." Àwọn àti àbúrò mi ọkùnrin ni mo yàn ṣe alámòójútó ogún mi. Àbúrò mi kò lè pa àṣírí mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn.

Abala kìíní. Mi ò ní ilé. Ohun tí mo ní ni igun yàrá tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú fèrèsé tí èèyàn lè gbà rí lọ́ńdìrì tí màmá mi ti ń lọ aṣọ. Mo fi í sílẹ̀ fún àbúrò mi, bí ó bá gbà kí ológbò aláìnírù máa sùn níbẹ̀. Bí kò bá gbà, kí ológbò jogún gbogbo rẹ̀.

Kí àwọn alámòójútó mọ̀ pé ojú fèrèsé yìí ni mo ti ń wo màmá mi bọ̀ láti kékeré. Wọ́n á dúró nídìí áyọ́ọ̀nù láti àárọ̀, wọ́n á dé, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù lábẹ́ tábìlì kíṣíìnì, wọ́n á sì máa kọ ìwé. Ìwé àkọ́kọ́ wọn, àwọn atẹ̀wé dá a padà. Wọ́n ní àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Màmá mi ka èsì yẹn sókè fún wa bí ẹni ń ka ìròyìn, wọ́n sì padà sídìí tábìlì. Ẹni tí wọ́n pa nínú ìwé náà ni oníbúrẹ́dì òdìkejì títì, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ àti gbogbo bó ṣe ń rìn. Kò pẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ tán tí ilé búrẹ́dì tì pa. A ò rí bàbá náà mọ́ títí dòní.

Abala kejì. Ẹ̀dà ìwé kejì màmá mi, èyí tí mo fi ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Kí onítọ̀hún mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì á máa mì. Àwọn kan tẹ ìwé yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sí. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ màmá mi ni wọ́n pa nínú ìyẹn. Òjò ọdún náà kò tíì dá tí nọ́ọ̀sì fi dàwátì. Wọ́n ní ó ti re òkè òkun. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ ẹni tó sìn ín débẹ̀.

Èmi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ.

Abala kẹta. Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì bàbá mi, èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣíìnì, kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé e, mo fi ẹjọ́ rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi, màmá mi kò kọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n á ti lọ́ńdìrì dé, wọ́n á jókòó sídìí tábìlì, wọ́n á máa wo ògiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo fẹ́ já àbúrò mi láyà ní kọ́rídọ̀, ni mo bá fi ohùn bàbá wa béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dé géètì ilé ìwòsàn: "Ta lẹ wá rí? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀?" Jẹ́jẹ́ ni bàbá mi máa ń sọ ọ́, bí ẹni tí kò sí ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá ń purọ́ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Àbúrò mi ń sunkún, èmi ti ń múra sílẹ̀ de ìgbátí. Màmá mi kò jáde. Láìyíjú, wọ́n ní látinú kíṣíìnì pé kí ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn tún un sọ.

Bí ìwé kẹta ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí màmá mi bá rí ojú mi, wọn ò lè kọ ọ́. Bí ilẹ̀kùn bá tì, wọn ò lè kọ ọ́ náà. Nítorí náà la ṣe fi sálúbàtà há ilẹ̀kùn, kó ṣí díẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé náà jẹ́ ẹ̀ṣọ́ géètì kan tí kì í pariwo. Màmá mi á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi á fi ohùn bàbá mi dáhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà míì wọ́n á béèrè ohun tí kò sí nínú ìtàn kankan, bíi pé ṣé orúnkún bàbá mi ṣì ń dùn wọ́n. Mo máa ń dáhùn ìyẹn náà.

Ìwé yẹn nìkan ni wọn ò ti pa ẹni tí a mọ̀.

Abala kẹrin. Àwòrán mi tí wọ́n yà lálẹ́ ọjọ́ àmì-ẹ̀yẹ, mo fi í sílẹ̀ fún màmá mi. Ojú mi le níbẹ̀. Kí wọ́n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì-ẹ̀yẹ náà, kí àlejò máa rí àwa méjèèjì pọ̀.

Nítorí ìwé kẹta gba àmì-ẹ̀yẹ, èyí tó tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀. Bàtà ìyàwó Lọ́yà ni màmá mi yá wọ̀ lọ. Àwọn atẹ̀wé tó dá ìwé àkọ́kọ́ padà ń du báàgì màmá mi gbé. Ẹni tó ń darí ètò wá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí ohùn ẹ̀ṣọ́ géètì náà, pé ó dà bí ẹni pé ẹni náà wà láàyè. Màmá mi wò mí níbi tí mo jókòó sí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti wá." Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Èmi kò pàtẹ́wọ́, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní orúkọ. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ohùn onílé wa tó ń béèrè owó ilé ni mo fi ń kí wọn káàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á kalẹ̀ bí màmá mi ṣe kọ́ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Apànìyàn gbọ́dọ̀ ní ìdí. Èèyàn mélòó ló mọ ẹnu tí ohùn inú ìwé yẹn ti jáde? Àwọn àti èmi. Bí èmi bá kúrò ńbẹ̀, ó ku ẹnì kan, àmì-ẹ̀yẹ sì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Abala karùn-ún. Kẹ̀kẹ́ mi, tí aago rẹ̀ kì í dún, di ti àbúrò mi. Ohùn aago náà tí mo máa ń fi ẹnu ṣe bá mi lọ.

Wàyí o, màmá mi ti ń kọ ìwé kẹrin, wọn ò sì pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyẹn nìkan tó láti mú èèyàn fura. Ṣùgbọ́n àṣà wọn ni pé bí wọ́n bá kọ̀wé tán fún ọjọ́ náà, wọ́n á máa rìn ní kọ́rídọ̀, wọ́n á máa kà á sókè, ògiri ilé wa kò sì nípọn. Mo gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń sín gbogbo èèyàn jẹ. Eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo bíi tèmi. Ó máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn bíi tèmi. Ibùdókọ̀ ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, nínú àpótí onítáyà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, màmá mi ra àpótí onítáyà wálé. Wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n fi aṣọ bò ó.

Láti ìgbà náà, ẹran inú abọ́ mi ti tóbi sí i. Wọn ò bá mi jà mọ́ lórí pípẹ́ sùn. Wọ́n béèrè ìwọ̀n bàtà mi. Bí mo bá tẹjú mọ́ oúnjẹ, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ń wò mí, bí mo bá sì gbójú sókè, wọ́n á ní kí n fún àwọn ní iyọ̀, iyọ̀ tó sì wà níwájú wọn. Nínú gbogbo ìwé màmá mi, apànìyàn á kọ́kọ́ dára sí ẹni tó fẹ́ pa ná. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n wà níbi iṣẹ́, mo fa àpótí náà jáde, mo wọ inú rẹ̀, mo ní kí àbúrò mi dé e. Gbogbo ara mi ló wọ̀ ọ́, àyàfi ẹsẹ̀ òsì. Àbúrò mi béèrè bóyá wọ́n máa gé e ni. Mo ní kó má bá mi ronú mọ́.

Abala kẹfà. Mo wá kan ohun ìní mi gan-an, èyí tí í ṣe àwọn ohùn. Ohùn Lọ́yà, mo dá a padà fún Lọ́yà pẹ̀lú ọpẹ́. Ikọ́ onílé di ti àbúrò mi, kó máa fi lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ti gíwá ilé-ìwé mi, kí wọ́n sin ín.

Ohùn màmá mi kò ṣeé fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo ti lò ó. Ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní ìlú mìíràn ti gbà mí sínú àwọn òṣèré orí afẹ́fẹ́ wọn. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ló yẹ kí n wọ ọkọ̀. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nílé. Ọ̀gá rédíò ní àfi kí òun gbọ́ àṣẹ lẹ́nu ìyá mi, ó sì gbọ́ ọ lórí fóònù. Mo tiẹ̀ fi ohùn wọn kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí ọmọ mi máa pẹ́ sùn. Kí ẹ lè mọ̀ pé mo ní ibi tí mò ń lọ, bí mi ò bá débẹ̀.

Ó ku ohùn bàbá mi. Òun ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi gbà mí sí rédíò. Bí mo bá kó o lọ, ta ni yóò máa dáhùn nípa orúnkún? Bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ni mo máa fi í sílẹ̀ fún, ẹni tó ń wá àyè láti pa mí? Mo fi ibí yìí sílẹ̀ lófìfo.

Àfikún. Mo kó ìwé yìí lọ bá Lọ́yà kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Wọ́n kà á títí, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní òfin kò gbà kí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún há ogún. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ pé àwọn làwọn kọ ìwé fún oníbúrẹ́dì nígbà tó fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé òun ń lọ kí màmá mi tó kọ ìlà kan. Nọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ Lọ́yà níbí ni wọ́n ti bu ọwọ́ lu ìwé ìrìnnà rẹ̀, tí màmá mi jókòó tì í, tí wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Lọ́yà ní, "Ẹni tó bá ń lọ ni màmá ẹ máa ń pa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa ń lè kí i pé ó dàbọ̀."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí màmá mi kò mọ̀ pé mò ń lọ. Mo gòkè padà, ni ọ̀gá rédíò bá pè, pé ṣé Ọjọ́ Àìkú kò yẹ̀. Ó ní òun gbádùn ọ̀rọ̀ tí òun àti màmá mi tún jọ sọ lánàá. Wọ́n tiẹ̀ rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n béèrè bóyá yàrá tí mo máa sùn sí ní fèrèsé.

Mi ò pè é lánàá.

Nítorí náà, ní orí pípé, mo dí àyè tó ṣófo ní abala kẹfà. Ohùn bàbá mi, mo fi í sílẹ̀ fún màmá mi. Màá máa pè wọ́n lórí fóònù lọ́sàn-án, bí wọ́n bá ti lọ́ńdìrì dé, kí wọ́n máa rí i gbà. Mo fi ìwé yìí sábẹ́ sálúbàtà kí ẹlẹ́rìí kejì lè fọwọ́ sí i.

Ọwọ́ mi rèé: Ẹlẹ́nu-Méje.

Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Lọ́yà ìsàlẹ̀ ilé. Mo fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí òfin ti là á kalẹ̀. N kì í húkọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì: Màmá rẹ̀. Mo ti kà á. Aṣọ ni wọ́n ń kó sínú àpótí, yọ ẹsẹ̀ ẹ kúrò ńbẹ̀. Bàtà tuntun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ẹ ló wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé kẹrin. Bó o bá débẹ̀, pè mí. Bàbá ẹ ti dá mi lóhùn tó. Ohùn tìẹ ni kó o fi pè mí.