Èéfín Pupuru Dé Ìpàdé Àgbáyé

Ìjù-Odò,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Olúwatóyọ̀sí ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara rẹ le, ṣé òrùlé ilé tí o gbà ní Èkó kò jò mọ́? Ọlọ́run tó ń pa wá mọ́ níbí kò ní gbójú kúrò lára rẹ lọ́hùn-ún. Gbogbo wa wà láàyè. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Vincent ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ, Dora ìyàwó rẹ̀ náà kí ọ. Adìẹ funfun tí o fi sílẹ̀ pa ọmọ mẹ́jọ, àwòdì gbé méjì, mo sì ti gbà pé ti àwòdì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé àgbáyé orí fóònù yẹn ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé o wà nínú ọ̀kan nínú àwọn fèrèsé kéékèèké inú fóònù náà, mo rí ọ tí o di orí mú, ṣùgbọ́n o ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, mi ò sì fẹ́ kí o rò pé mo dójú tì ọ́.

O mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, àní ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pàápàá, àmín nìkan ni mo máa ń ṣe. Ojú Ìyá Kingsley ló mú mi gbà. Láti ìgbà tí a ò tíì bí ìwọ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí ti jọ ń fi ẹ̀gẹ́ yan pupuru lórí iná eléèéfín, ojú rẹ̀ sì ti wá ń ṣe bàìbàì. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ọ̀nà Òkìtìpupa, èmi, òun àti Dora lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo. Ẹni tó ń kọ orúkọ bi í pé kí niṣẹ́ rẹ̀, ó ní pupuru ni òun ń ṣe. Ẹni náà ní ta ló gbà á síṣẹ́, Ìyá Kingsley ní kò sẹ́ni tó gba òun, òun ló gba ara òun. Ẹni yẹn kọ nǹkan kan sínú káàdì. Nígbà tí a jáde, Dora kà á fún wa. Ohun tó kọ ni pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyá Kingsley rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, Ìyá Vincent, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ojú mi fún èéfín jẹ, àṣé iná ni mo kàn ń yá.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí nìyẹn, nígbà tí o sọ pé àwọn àgbààgbà orílẹ̀-èdè àgbáyé ń kọ ìwé kan nípa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn, bóyá kí wọ́n kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ tàbí kí wọ́n má kà wọ́n sí i, tí o ní wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnì kan láti oko fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo ní kó jẹ́ èmi.

Mo bi ọ́ pé kí la máa gbé lọ síwájú wọn, o ní a kì í gbé nǹkan kan lọ. Tóyọ̀sí, a tọ́ ọ dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ń gbé ẹjọ́ síwájú àgbà lọ́wọ́ òfìfo? Àwa obìnrin kó ara wa jọ, a ṣa pupuru tó dára jù, a ha dúdú ara rẹ̀ kúrò títí ó fi funfun. Nínú àpò tí dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Èkó gbé wá fún ọ, mẹ́fà ni tìrẹ, méjìlá ni ti alága ìpàdé. Bá mi sọ fún un pé kí ìyàwó rẹ̀ gún un, kó sẹ́ ẹ, kó dà á sínú omi tó ń hó, kó máa rò ó kíákíá, kó má baà ṣe kókó.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo wọ aṣọ tí mo fi ṣe ìdúpẹ́, mo sì wọ bàtà. Dora ní orí mi nìkan ni wọ́n máa rí. Mo ní ẹsẹ̀ mi mọ̀ pé òun wà níwájú àgbà. Ó so fóònù mọ́ òpó ilé ìyanpupuru, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì kì í ti í sá lọ. Nígbà tí mo rí wọn, kálukú wà nínú yàrá tirẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó ti ẹnì kejì. Mo rò pé ìjà ti dé, mo kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n forí jin ara wọn. Mo wá kí alága, mo kí aya àti ọmọ rẹ̀, mo kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, mo kí àwọn tó fẹ́ sùn, mo kí àwọn tó wọ kóòtù kú òtútù. Obìnrin tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dora na ìka kan sókè, ó ní ìṣẹ́jú kan ló kù. Ẹnu sì yà mí, torí n kò tíì kí ìdajì wọn.

Bí mo ṣe ní kí n bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ni afẹ́fẹ́ yí padà, èéfín sì bò wá. Mi ò rí fóònù mọ́, ariwo ni mò ń gbọ́. Obìnrin tó ń túmọ̀ ní, Màmá, wọ́n ní kí ẹ sá jáde, wọ́n ní ilé yín ń jó! Mo ní kó bá mi dá wọn lóhùn pé kò sí nǹkan tó ń jó o, ibi iṣẹ́ wa nìyí, bó ṣe máa ń rí nìyí. Ó ní wọ́n ní kí a ṣáà jáde. Mo ní bí a bá jáde, ta ni yóò yí pupuru padà lórí iná? Ibẹ̀ ni Ìyá Kingsley ti yọ lẹ́yìn mi, ó ń wúkọ́, ó ń fi etí ìró nu ojú, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ó ti mọ́ wa lára, àti pé kí àwọn náà rò ó wò, ilé ìwòsàn ní a ò níṣẹ́.

Àkókò mi ti tán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá wa dúró. Alága bi Ìyá Kingsley pé ọdún mélòó ló ti wà nínú èéfín yìí, ó sọ fún un. Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó sì ní kí akọ̀wé kọ ọ́.

O pè ní ọjọ́ kejì pé gbólóhùn wa ti wọ inú ìwé náà, pé ibi tí èèyàn bá ti ń ṣe ohun tó fi ń jẹun, kódà kó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ibi iṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ sì ni ẹni náà. O ní àmì àkámọ́ kan wà níwájú rẹ̀, òmíràn wà lẹ́yìn, torí àwọn orílẹ̀-èdè kan ò tíì gbà, àti pé ọjọ́ tí gbogbo wọn bá gbà ni wọ́n máa yọ àmì náà kúrò. Ó yé mi yékéyéké. Mo ṣàlàyé fún àwọn obìnrin pé ọgbà ni wọ́n ṣe yí i ká, bí a ti ń ṣe sí igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Inú wọn dùn, a kọrin, a jó. Bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi. Ìwọ náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ tó ní kí wọ́n gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ilé ìwòsàn ti dá Ọjọ́bọ̀ fún Ìyá Kingsley láti wá yẹ ojú náà wò. Fi owó ọkọ̀ àti ti oògùn ránṣẹ́, kí o sì fi ti páìpù tí èéfín máa gbà jáde lórí òrùlé kún un. Ṣe é kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, jọ̀ọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè lè máa ro tiwọn lọ fún ọdún kan sí i, ojú Ìyá Kingsley ò ní lè dúró dè wọ́n.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohùn rẹ bọ́ sílẹ̀. Ibi tí o bá ti sọ̀rọ̀, wọn yóò gbọ́. Ibi tí o bá ti ṣiṣẹ́, wọn yóò mọ̀ pé o ṣe é. Ojú rẹ yóò ríran pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Janet Adéjọbí, òṣìṣẹ́.