Aṣọ Tí Mo Rán fún Adájọ́

                                        Yàrá Kẹrin, Ìsàlẹ̀ Ilé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹwàá.

Abẹ́rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ dáadáa? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń hanrun débi pé ará ilé kejì ń sọ ọ́? Àbúrò rẹ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ńkọ́, àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ, ṣé wọ́n ti yéé fi abẹ́ ya ìka ara wọn? Mo mọ̀ pé àlàáfíà lẹ wà, nítorí bí nǹkan bá ṣe ọ́, ojú ewé mẹ́ta gbáko lo fi máa ń ṣàròyé. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Ó ṣì wà nídìí iṣẹ́ bíríkìlà rẹ̀, ó ń kọ́ ilé tí kò ní gbé.

Mo gba lẹ́tà rẹ. O ní ṣé mẹ́fà ni kí o rà nínú fóòmù èjìká tí mo ní kí o bá mi wá, àbí méjìlá. Jọ̀ọ́, fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ ná, màá dáhùn rẹ̀ kí n tó fi ìwé sílẹ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíràn, nítorí ìwọ nìkan lo mọ irú iṣẹ́ tí ọ̀gá wa kọ́ wa.

O mọ Adájọ́ ọmọ mi. Ìwọ lo kúkú sọ ọ́ ní orúkọ yẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó máa ń jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ rẹ, tó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé aṣọ wọn kò yẹ wọ́n. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Àìsàn iṣan tí dókítà sọ fún wa lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn kò dúró sójú kan. Dókítà yẹn nìkan ni mi ò ní bú nínú lẹ́tà yìí, torí ó wò wá lójú, ó ní kò sí oògùn rẹ̀, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni okun yóò máa kúrò nínú iṣan ọmọ náà, láti itan títí dé èjìká, àti pé kò sí ẹni tó ṣe nǹkan kan tó fà á. Gbogbo ohun tó sọ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni mo máa ń fi téèpù wọ̀n ọ́n. Lọ́dún tó kọjá, itan rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́rìnlá. Lọ́dún yìí, méjìlá àtààbọ̀ ni. Nínú ilé, ògiri ló ń dì mú rìn. Ìlà dúdú kan ti wà lára ògiri láti yàrá dé ilé ìdáná, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbà kọjá, ọkọ mi kò sì jẹ́ kí n kun ún. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ṣì ń rìn. Àtẹ̀gùn ni kò lè gùn mọ́.

Jẹ́ kí n wá ka àwọn ọlọgbọ́n tó yí wa ká fún ọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí èmi àti Adájọ́ ń pè ní Ìyá Ìmọ̀ràn bí kò bá sí nítòsí, ní ọ̀lẹ ni ọmọ náà. Ó ní kí n máa rán an níṣẹ́ lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jí. Obìnrin tó jẹ́ pé bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò pe ènìyàn láti yàrá kejì kó wá bá òun mú un. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun mà. Ní ti àwọn ará àdúgbò, wọ́n ti pinnu láàárín ara wọn pé ilé tí àìsàn bá wà, aṣọ ò sí níbẹ̀. Èmi aránṣọ, wọ́n ń di ògbólógbòó aṣọ sínú ọ̀rá wá fún mi, wọ́n ní kí n fi fún ọmọ yẹn. Ọ̀kan nínú ẹ̀wù náà, èmi gan-an ni mo rán an fún obìnrin tó gbé e wá. Mo dá a padà fún un, mo ní kó jẹ́ kí n bá a tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí i, torí ó jọ pé ikùn rẹ̀ ló lé ẹ̀wù náà kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n olórí gbogbo wọn ni Màdáámù, ọ̀gá ilé-ìwé Adájọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì kẹfà wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo ti kà wọ́n. A bẹ̀ wọ́n pé kí kíláàsì kẹfà àti kíláàsì kejì tó wà nísàlẹ̀ pààrọ̀ yàrá. Kò gba kí wọ́n wó ilé, kò gba kí wọ́n kọ́ ọ. Ọkọ mi ní òun àti àwọn lébìrà òun yóò gbé àga àti tábìlì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Màdáámù ní rárá, pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, òkè ni kíláàsì kẹfà máa ń wà, pé iyì ni fún wọn. Ó ní kí Adájọ́ jókòó sí kíláàsì kejì nísàlẹ̀, kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọmọ tó gba ipò kìíní nínú ìṣirò, kó wá jókòó láàárín àwọn tó ṣì ń fi ìka kà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Màdáámù ń dúró ti àwọn tó ń kun géètì ilé-ìwé, ó ń yan àwọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún ẹni tí géètì ń wù?

Nígbà tí mo da ọ́fíìsì rẹ̀ rú tó, ó ní ó dáa, kí òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá wo ọmọ náà. Bí ó bá kọ ọ́ pé kò lè gun àtẹ̀gùn, òun yóò pààrọ̀ yàrá. Bí kò bá kọ ọ́, kí ọmọ náà gòkè tàbí kó jókòó sílé. Bí gbogbo ẹ̀kọ́ ọmọ mi ṣe kù sórí bébà kan nìyẹn.

Abẹ́rẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìwọ náà nìyí. O rántí ohun tí ọ̀gá wa máa ń sọ bó bá ti fi téèpù kọ́ ọrùn: wọn ohun tó wà, rán ohun tó yẹ kó wà. Oníbàárà tí èjìká rẹ̀ kan rẹlẹ̀, fi fóòmù gbé e. Èyí tí kò ní ìbàdí, ká aṣọ léra ní pílíìtì, fún un ní ìbàdí. Aránṣọ tó bá jẹ́ kí ayé rí àléébù oníbàárà, kí ó lọ máa rán àpò. Ohun tí mo ti ń ṣe sí ara Adájọ́ láti ọdún márùn-ún nìyẹn. Òun ni mo sì fẹ́ fi fóòmù tí mo ní kí o rà ṣe, tí mo parọ́ fún ọ pé oníbàárà kan ló ni ín.

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rán yunifọ́ọ̀mù tí yóò wọ̀ lọ bá òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò. Mo fi fóòmù gbé èjìká rẹ̀, mo fi aṣọ líle sínú kọ́là kí ọrùn má baà tẹ̀, mo fi pílíìtì bo itan. Mo wá rán ìgbànú fífẹ̀ kan mọ́ inú ẹ̀wù náà, mo ki ike pẹlẹbẹ mẹ́rin bọ inú rẹ̀ kó lè gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró. Mi ò fẹ́ kí àjèjì kankan fi ojú àánú wo ọmọ mi. Bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́ fún un, ó ní, "Mọ́mì, ṣé aṣọ ni ọkùnrin yẹn ń bọ̀ wá wò ni, àbí èmi?" Mo ní kó pa ẹnu mọ́, kó na apá.

Òṣìṣẹ́ dé. Mo sọ ọ́ ní Gègé lójú ẹsẹ̀, torí gègé mẹ́ta ló kì bọ àpò àyà, kò sì sí èyí tó kọ̀wé nínú wọn, ti Màdáámù ló yá. Ó ní kí Adájọ́ dìde, kó rìn dé ojú fèrèsé, kó padà wá jókòó. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni àlọ, mẹ́sàn-án ni àbọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú dáadáa. Ọmọ náà rìn bí ọmọ ọba, ẹ̀rín sì ń yọ lẹ́nu èmi dìndìnrìn. Gègé kò mú un dé ìdí àtẹ̀gùn. Kò gba ìwé dókítà tí mo nà sí i, ó ní ojú ara òun ni òun fi ń ṣiṣẹ́ òun. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi wá ni pé ta ló rán aṣọ tó dáa báyìí. Mo ní èmi ni, sà. Mo tilẹ̀ tún gèlè mi ṣe kí n tó dáhùn.

Ní ọjọ́ kẹta, bébà dé. Ó kọ ọ́ pé ọmọ náà dúró ṣánṣán, pé èjìká rẹ̀ gún, pé ara rẹ̀ kún dáadáa, kò sì nílò ìrànlọ́wọ́ kankan. Màdáámù nà án sí mi, ó ní òun kúkú ti sọ.

O mọ̀ pé kì í ṣe lásán ni ẹ fi ń pè mí ní Àlùmọ́gàjí. Ọjọ́ méjì ni mo fi gé ọkùnrin yẹn sí wẹ́wẹ́. Mo bú u, mo bú gègé rẹ̀, mo bú ẹni tó kọ́ ọ ní ìwé. Mo ní ó lójú, kò ríran. Ọkọ mi ń jẹun, ó ń wo inú àwo. Ibẹ̀ ni mo wà tí Adájọ́ fi ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Ó gbé yunifọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì ìgéṣọ mi, ó ní kí n fún òun ní abẹ́. Mo bi í kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ dá ẹjọ́ ni.

Ó jókòó, ó ń tú u. O mọ̀ bí ojú okùn mi ṣe máa ń há tó, kò kánjú. Ó yọ fóòmù méjèèjì, ó tò wọ́n kalẹ̀. Ó yọ ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n ti fóòmù. Ó fa aṣọ líle jáde nínú kọ́là. Ó wá gbé èyí tó kù dání, ó rọ wálẹ̀ bí àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ọkùnrin yẹn ò mọṣẹ́, àmọ́ ohun tí ẹ rán ló kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi mí pamọ́." Mo wo ọkọ mi pé kó gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Adájọ́ ti sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi tí mo ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, èmi àti Ìyá Ìmọ̀ràn, ta ló sàn? Òun ní ọmọ náà kò ṣàìsàn. Èmi rán ẹ̀wù tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri. Gbogbo ojú tó wo ọmọ mi láti ọdún márùn-ún tó sì rí ọ̀lẹ, èmi ni mo gé e, èmi ni mo rán an, èmi ni mo fi wọ̀ ọ́. Ojú tì mí, Abẹ́rẹ́. Bí ojú kò bá ti ìwọ náà díẹ̀, á jẹ́ pé o ò kà á dáadáa.

Mo mú téèpù, mo tún un wọ̀n. Mo rán ẹ̀wù mìíràn fún un lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, aláìlápá, tó mọ bí ara rẹ̀ ṣe mọ. Kò sí aṣọ ìyàwó tí mo rán rí tó le tó o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gé e ní fífẹ̀ jù, torí ọwọ́ mi kò gbà láti gé e bó ṣe kéré tó.

Lọ́jọ́ Ajé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì ẹni tó ń yẹ àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn wò wà, àtẹ̀gùn méjìlélógún, níbo ni ìbá tún wà? Ọkọ mi fẹ́ pọ̀n ọ́n. Adájọ́ ní rárá, kí bàbá òun lọ pe Gègé kó wá dúró lókè, kó máa wo òun. Ọkùnrin náà jáde wá. Adájọ́ di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó ń fi ọwọ́ kejì gbé itan ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀gùn kìíní, ìkejì. Lórí ìkẹta, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó. Mo fẹ́ sáré, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀wù náà kò bo nǹkan kan, egungun èjìká rẹ̀ méjèèjì hàn gbangba. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Sà, ó ku mọ́kàndínlógún. Ṣé kí n máa bọ̀?"

Gègé ló sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, ó ní òun ò mọ̀. Mo ti la ẹnu láti bú u, mo rántí ẹni tó rán aṣọ, mo pa á dé. Orí itan rẹ̀ níbẹ̀ ló ti kọ bébà mìíràn, àwọn gègé mẹ́ta yẹn kò sì tíì gba íǹkì síbẹ̀, pẹ́ńsù tí ọkọ mi fi ń sàmì sí bíríkì ló yá.

Kíláàsì kẹfà ti wà nísàlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ mi àti lébìrà méjì parí ẹrù gbígbé kí aago mẹ́wàá tó lù. Màdáámù ń sọ fún àwọn òbí pé òun ló ronú kàn án, ó tún ní kí n wá rán ẹ̀wù fún òun, pé òun rí i pé ọwọ́ mi dáa. Mo wọ̀n ọ́n lánàá. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún rẹlẹ̀ ju tòsì lọ. Ohun tó wà ni mo wọ̀n, ohun tó wà náà ni màá rán.

Nítorí náà, má ra fóòmù kankan. Bí o bá ti rà á, fi ṣe tìmùtìmù sábẹ́ orúnkún rẹ. Aṣọ pupa ni kí o bá mi wá, èyí tó pupa dáadáa, yáàdì kan. Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Adájọ́ ní aláìlápá ni kí n fi rán, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ mọ́ pé wọn ò rí òun. Lọ́dún tó ń bọ̀, téèpù yóò tún sọ tirẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Mi ò lè fi pílíìtì bo ìyẹn fún ọ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí nọ́ọ̀sì àti àwọn ọmọọṣẹ́. Bí o bá rí ọ̀gá wa, kí wọn dáadáa, má sì sọ nǹkan kan fún wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò ní yé wọn. Adájọ́ jókòó tì mí, ó ń ka gbogbo ohun tí mo ń kọ. Ó ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé ẹjọ́ ti parí. Mo bi í bóyá ó dá mi sílẹ̀. Ó ní òun ṣì ń wò ó.

Èmi ni, ẹni rẹ láti ìdí ẹ̀rọ kan náà,

Àlùmọ́gàjí.