Má Ṣe Fi Omi Du Jésùlayọ̀mi

Morádéyọ̀ àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé ní Kàdúná. Ara Màámi ti ń yá níhìn-ín ní Ifọ̀.

Wọ́n ní o ń fi omi du Jésùlayọ̀mi ọmọ rẹ bó bá ń sáré, o sì ń sọ pé: "Omi ló ń mú ẹsẹ̀ wúwo, bí Bọ̀ọ̀dá ṣe kọ́ mi nìyẹn." Irọ́ ni mo kọ́ ọ. Òógùn ló ń mú ara sárésáré tutù. Bí omi bá tán lára, ara á gbóná títí èèyàn á fi dákú. Eré sísá máa ń mọ́ni lára, òùngbẹ kì í mọ́ni lára. Ọjọ́ tí òùngbẹ mú ọ ṣubú ní pápá nígbà tí mo ń kọ́ ọ ní eré sísá, èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Ní pólì ni mo ti mọ òtítọ́. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n bí o bá tún dán an wò, màá wá mú ọmọ náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ àwa méjèèjì.

Adépọ̀jù