Mo Dákẹ́ Nígbà Tí Maṣíínì Múrí Kò Dún

Ọ̀rẹ́ mi ni mo ń jowú, ẹ̀yin ará pééjì yìí. Kì í ṣe pé a jọ ń fẹ́ obìnrin kan náà, kì í ṣe pé ó kọ́lé tí èmi ò kọ́. Maṣíínì ni. Maṣíínì tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀... Ẹ lè rẹ́rìn-ín, mo gbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ẹ̀rín báyìí, torí obìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ti kó ẹrù kúrò nílé ọkọ rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé kò jalè. Ẹ bá mi gbọ́ ọ tán kí ẹ tó bú mi.

Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé. Pọ̀tábù, ìyẹn fóònù, ni mò ń tún ṣe ládùúgbò Tokpota, mo níyàwó, mo bímọ. Oníbàárà mi kan tó ń kó lọ sí ìlú òyìnbó ló fi maṣíínì àtijọ́ kan sílẹ̀ fún mi, mo tún un ṣe, ni mo bá ń gbé e lọ sí etí ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Yẹtí, kọ́kọ́rọ́, owó onírin ayé àwọn Faransé, mo ti rí gbogbo rẹ̀. Mi ò fi ṣòwò o, ìgbádùn mi ni. Tó bá ti dún píì, àyà mi á já, mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ mọ̀! Ìyàwó mi ní orí mi ti yí. Múrí nìkan ló yé. Aránṣọ ni Múrí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Houinmè, a jọ lọ ilé kéwú kan náà láti kékeré. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju ọwọ́, èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má sáré, kí àwo ìsàlẹ̀ maṣíínì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ọ̀gá ló ń pè mí. Ẹ rántí pé ọ̀gá ló ń pè mí.

Ẹni tó bá ti lo èyí tó ti gbó ló máa mọ ohun tó ń ṣe mí. Tèmi ò gbọdọ̀ kan omi. Okùn kásìkì tí mo ń fi sétí gbọ́ ọ ti já, mo lẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú mi. Ni mo wá rí móòdẹ̀lì tuntun kan nínú fídíò... Èyí tí ẹ lè rì bọ inú ọ̀sà, tí kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ó fúyẹ́. Kásìkì rẹ̀ ò lókùn. Iyanrìn oníyọ̀ ò lè da orí rẹ̀ rú. Ohun tó wá pa mí pátápátá ni pé tí ẹ bá ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní pákì kan, wọ́n á fi àwo kékeré kún àwo ńlá, wọ́n á fi báàgì àti ṣọ́bìrì kékeré sí i, wọ́n á tún fi ọ̀pá ìtọ́ka sí i, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí ẹ máa tì bọ ihò kó lè júwe ibi tí nǹkan wà gan-an. Mo wo fídíò yẹn títí ọmọ mi fi mọ orin rẹ̀ sórí.

Mo bá ọkùnrin kan ṣe kọ̀mándè ní Kútọnu, pé kó bá mi rà á wá láti òkè òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ̀mándè rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ó kọ́kọ́ ní ó ti wà lójú omi. Ó tún ní ó wà lọ́wọ́ àwọn dúwáànì, àwọn aṣọ́bodè. Ó tún ní pákì tí mo fẹ́ ti tán níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ṣé kí òun mú èyí tí kò ní ọ̀pá ìtọ́ka wá? Mo ní rárá. Nígbà tó yá ó pè mí pé ó dé, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo fi ìdùnnú wọkọ̀ lọ sí Kútọnu... móòdẹ̀lì kékeré kan ló gbé lé mi lọ́wọ́, ohun ìṣeré ọmọdé! Ó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ìyẹn àti èyí tí mo fẹ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò! Mo fi í sílẹ̀ fún un, mo padà wálé, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ó ní ṣájà ló kù. Àwo kékeré ló kù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn Ààwẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá...

Ibi tí mo ti ń dúró ni Múrí ti gbé páálí gígùn kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Faransé ló wá kí wọn, ó gbé e sínú ẹrù rẹ̀ wá fún un. Pákì ńlá náà gan-an. Àwo méjèèjì. Ọ̀pá ìtọ́ka. Báàgì. Kò ṣe kọ̀mándè, kò dúró, kò tilẹ̀ lè pe orúkọ móòdẹ̀lì náà! Ó ní, "Ọ̀gá mi, wá bá mi ṣí i, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ya ọ̀rá ara rẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń kí i kú oríire, inú mi sì ń ta mí bí ẹni pé wọ́n da ata sí i.

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbádùn mọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù, èmi ni wọ́n ń pè. Ó di Múrí. Ìyàwó tèmi gan-an, yẹtí rẹ̀ jábọ́ sínú iyanrìn níwájú ilé wa, ẹ ò ní gbàgbọ́, Múrí ló pè! Ó ní kí n má bínú, pé ti Múrí ló yá jù. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Tí Múrí bá fi fọ́tò ohun tó rí ránṣẹ́ sí mi, màá kọ "máṣáállà" fún un, màá sì ju pọ̀tábù sórí tábìlì. Ṣé àgbàlagbà ló ń ṣe báyìí?

Màmá kan wá wà ládùúgbò Múrí, ọmọ Agùdà ni, opó ni, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní òrùka ìgbéyàwó kan, wúrà tín-ín-rín, tó máa ń bọ́ kúrò lọ́wọ́ sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé tó bá fẹ́ fi ọṣẹ fọ nǹkan. Lọ́jọ́ kan ó nawọ́ sí orí àpótí, kò bá a. Fílómẹ́nà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ló gbá ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa gbà. Kó má baà di ariwo, ọkọ Fílómẹ́nà ní kí wọ́n pe Múrí kó wá fi maṣíínì wá a. Múrí ní kí n tẹ̀ lé òun. Mo tẹ̀ lé e. Kí ló gbé mi lọ? Mo fẹ́ kó wá a tì. Mo ti sọ ọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kò le. Gbogbo ohun tí maṣíínì yìí bá gbọ́ lábẹ́ ilẹ̀ ló ní nọ́ńbà tó máa gbé jáde lójú rẹ̀. Irin lásán, nọ́ńbà rẹ̀ kéré. Owó onírin, nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀. Òrùka wúrà tín-ín-rín wà láàárín, ibì kan náà pẹ̀lú bébà dídán tó máa ń wà nínú páálí sìgá. Móòdù kan sì wà tó ń di etí maṣíínì sí bébà dídán yẹn, kó má baà máa pariwo lórí ìdọ̀tí. Ẹni tó bá fi móòdù yẹn wá òrùka wúrà, ó ti di etí rẹ̀ sí òrùka náà nìyẹn. Bébà sìgá kún ẹ̀yìnkùlé Màmá bámúbámú. Maṣíínì ń ké ṣáá, Múrí ń gbẹ́, ìdọ̀tí ni, àwọn ará ilé ti ń rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í. Ni ó bá tẹ bọ́tìnnì, ó gbé e sí móòdù yẹn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí i tó tẹ̀ ẹ́. "Múrí, yí i padà," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo la ẹnu, mo sì pa á dé.

Ó rìn yí ẹ̀yìnkùlé ká, ó dé ìdí igi máńgòrò níbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ gbígbá sí, maṣíínì ò sọ nǹkan kan. Inú mi ń dùn, Ọlọ́run ń gbọ́... Màmá wá bi í pé ṣé ó dá a lójú. Múrí ṣí kásìkì kúrò létí, ó ní, "Màmá, kò sí wúrà nínú ilẹ̀ yìí. Maṣíínì yìí kì í parọ́." Ni gbogbo ojú bá yí sí Fílómẹ́nà.

Mi ò ronú débẹ̀! Mo fi ọmọ mi búra, mi ò ronú débẹ̀ rárá. Mo rò pé Múrí ló máa tẹ́ ni. Fílómẹ́nà da gbogbo ẹrù inú báàgì rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú wa, ó ń sunkún, ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ pé ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Tokpota níbí. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́... orúkọ Múrí tún ga sí i! Wọ́n ní maṣíínì Múrí ti mú olè. Ọkùnrin náà ò rí nǹkan kan, wọ́n tún ń yìn ín!

Fílómẹ́nà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù. Ó pè mí bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n, ó ní, "Fòfó, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ maṣíínì. Ṣé kò lè ṣì í?" Àǹfààní mi nìyẹn. Mo ní, "Maṣíínì tuntun ni..." Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Mi ò lè jẹun lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí Màmá pè mí pé pọ̀tábù òun ò gba iná mọ́, mo so maṣíínì mi àtijọ́ mọ́ alùpùpù, mo lọ lọ́sàn-án. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wo ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Kí lo tún ń wá, ọmọ mi? Ẹni tó mú un ti lọ." Ó wọlé, ó fi mí sílẹ̀. Mo lọ tààrà sí ìdí igi máńgòrò, mi ò di etí maṣíínì tèmi sí nǹkan kan. Mo gbẹ́, bébà ni. Mo gbẹ́, bébà ni. Mo gbẹ́ lẹ́bàá gbòǹgbò kan, nǹkan kan tàn yòò... Òrùka Màmá ni, amọ̀ kún inú rẹ̀. Wọ́n ti gbá a mọ́ ilẹ̀ dà síbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Mo ti fẹ́ kígbe, ni ẹ̀rù bá bà mí. Èmi nìkan ni mo wà ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn èèyàn rí Fílómẹ́nà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn ò ní sọ pé òun ló gbé e fún mi kí n wá sin ín síbẹ̀? Wọn ò ní sọ pé a jọ ń fẹ́ra ni? Mo dá a padà sínú ihò, mo da ilẹ̀ bò ó. Mo wọlé, mo tún pọ̀tábù Màmá ṣe, mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún mi, mi ò lè ṣe àmín.

Ọ̀nà kan wà tó mọ́. Kí n lọ bá Múrí, kí n ní kó padà lọ síbẹ̀, kó yí móòdù yẹn. Yóò rí i níṣojú gbogbo wọn, Fílómẹ́nà á padà sílé rẹ̀. Àmọ́ Múrí náà ni wọ́n máa gbé gẹ̀gẹ̀! Wọ́n á ní òun ló wá a rí, òun ló gba obìnrin náà lọ́wọ́ ìtìjú. Mo mọ ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ìkejì ni kí n lọ sọ níwájú gbogbo èèyàn pé Múrí ò mọ maṣíínì rẹ̀ lò, pé àṣìṣe rẹ̀ ló lé ìyàwó ilé jáde. Èyí ló ń wù mí. Bó ṣe ń wù mí yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Ṣé torí Fílómẹ́nà ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, àbí torí kí Múrí lè tẹ́? Tí wọ́n bá wá bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Lánàá Múrí wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gbé maṣíínì dání. Ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ń jẹ òun lọ́kàn, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé o rò pé mo wá a dáadáa lọ́jọ́ yẹn?" Ó ń wo ojú mi. Oníbàárà kan wọlé, mo kọjú sí oníbàárà.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ẹbí méjèèjì máa jókòó. Wọ́n ní tí Fílómẹ́nà ò bá mú òrùka wá, kó má padà mọ́. Ẹ̀yin ará, mi ò bi yín bóyá mo ṣe burúkú, mo mọ̀ pé mo ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí màá kọ́kọ́ lọ bá. Ṣé Màmá ni? Ṣé Fílómẹ́nà ni? Àbí Múrí? Tó bá jẹ́ Múrí, kí ni màá sọ fún un pé ó fà á tí mo fi dákẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ọjọ́ Àìkú tó pé.