Ìbéèrè Tí "Adúpẹ́" Kò Lè Dáhùn

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Onímáàpù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé wọ́n ń tọ́jú yín dáadáa lọ́dọ̀ ọmọ tí ẹ kó lọ bá? Ìyá ilé ńkọ́? Orúnkún rẹ ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Èmi náà wà, adúpẹ́. Jọ̀wọ́, fojú sí "adúpẹ́" yẹn. Mo ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìtòsí mi ń wá àwọn àgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọkàn ẹ̀dá yóò fi kọ́ṣẹ́. Mo yọ̀ǹda ara mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn, tí kì í ní kéèyàn jókòó láìkọ́kọ́ túmọ̀ àga, fi odindi àárọ̀ ṣàlàyé pé ẹ̀ka méjì niṣẹ́ náà ní. Jẹ́ kí n gé e kúrú fún ọ: ọ̀kan ń tọ́jú ọkàn tó ń ṣàìsàn, èkejì ń jókòó ti ọkàn tó ti rẹ̀. Ó parí.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n yàn fún mi, a máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òfin wọn ni pé kí wọ́n má gbani nímọ̀ràn. Ìwọ rò ó wò, èmi tí mo fi ìmọ̀ràn jẹun nílé ẹ̀kọ́ tí èmi àtìwọ ti jọ ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì! Mo hun ìtàn àìróorunsùn kan fún un. Ó ń mi orí. Tó bá béèrè àlàáfíà, mo ní adúpẹ́.

Nígbà tó wá gbẹ̀yìn yìí, ó wọlé, ó jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí mọ́ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò béèrè ilé, kò béèrè ara. Inú bí mi. Ó ṣàlàyé pé wọ́n ní kí àwọn má béèrè ohun tí èsì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ẹni tẹ́lẹ̀. Ó wá rọra ní:

"Bàbá, ẹ má bínú. Ta lẹ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí n tó dé?"

Mo wá ẹni náà títí. Ará ìsàlẹ̀ ti kó lọ. Oníbúrẹ́dì, ẹnu ilẹ̀kùn ló ń gbé e kọ́ sí.

"Ìwọ ni," mo ní. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ó jókòó tì mí títí tíì wa fi tutù.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ̀kọ́ wọn máa parí. Kò ní wá mọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́; àmọ́ ẹnu pàápàá ń wá etí kiri.

Bá mi kí ìyá ilé, kí o fa ọmọ-ọmọ létí díẹ̀ fún mi. Tí o bá ń fèsì, má kọ "adúpẹ́" sí mi. Ẹni tí o bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni kí o kọ. Bí kò bá sí, kọ ìyẹn náà.

Èmi tìrẹ, tí etí mi ṣí sílẹ̀,
Oníṣọ́ọ̀kì.