Kọ́kọ́rọ́ Tí Màmá Wa Béèrè Títí: Ìgbésí Ayé Màmá Agnes Oyèbọ́lá Oyèníyì (1955–2025)

Ìlú Oǹdó, ládùúgbò Òdòjọ̀mù, ni wọ́n ti bí Màmá wa lọ́dún 1955, sínú ìdílé Kìtán. Bàbá wọn, Olóògbé Babájídé Kìtán, jẹ́ àgbẹ̀ kòkó. Ìyá wọn, Olóògbé Wúrà, ń ta epo pupa. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà kí wọ́n tó lọ sí girama.

Lọ́dún 1976, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìmọ́tótó l'Àkúrẹ́, wọ́n sì di wolé-wolé. Wọ́n á ṣí ìkòkò omi, wọ́n á yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, wọ́n á sì béèrè ibi tí onílé ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí, láì fepo bọyọ̀. Ọ̀pọ̀ ló pè wọ́n ní aláṣejù. Àwọn kan náà ló tún ń ránṣẹ́ sí wọn tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ṣáláńgá.

Lọ́dún 1981, wọ́n fẹ́ Olóògbé Olùkọ́ Akíntúndé Oyèníyì, ọmọ Ipogun. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, Bàbá Májẹ́kódùnmí, ti gbẹ́ ṣáláńgá tó dáa sẹ́yìn agbo ilé, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n sì fi àgádágodo tì í. Àlejò nìkan ló wà fún, kó má baà tètè kún. Igbó làwọn ará ilé ń lọ. Màmá béèrè kọ́kọ́rọ́; Bàbá Májẹ́kódùnmí ní ìyàwó ilé kì í ṣe àlejò. Háà! Wolé-wolé tí ń pàṣẹ fún baálé ilé káàkiri kò jẹ́ gbóhùn sókè sí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Wọ́n á kúnlẹ̀ béèrè, wọ́n á dìde, wọ́n á bá àwọn obìnrin lọ sígbó. Ó dùn wọ́n wọra.

Lọ́dún 1996, ìgbẹ́ gbuuru kọlu àwọn ọmọ agbo ilé náà. Màmá ló kó wọn lọ sí ọsibítù l'Àkúrẹ́. Ọlọ́run bá wa ṣe é, gbogbo wọn padà wálé. Síbẹ̀, àgádágodo ò kúrò.

Wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́dún 2012, wọ́n sì gbájú mọ́ Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó jẹun nílé wọn láì fi ọṣẹ fọwọ́. Àlùfáà pàápàá fọ̀ ọ́! Gbogbo Kérésìmesì ni wọ́n ń lọ sí Ipogun, wọn ò sì ṣíwọ́ àtimáa béèrè kọ́kọ́rọ́.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹta ọdún yìí, lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Nígbà tí a gbé ìròyìn dé Ipogun, Bàbá Májẹ́kódùnmí dìde. Wọ́n tẹ ọ̀pá lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ṣí àgádágodo náà, wọ́n sì sọ òun àti kọ́kọ́rọ́ sínú ihò ṣáláńgá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń sunkún pé ìyàwó àwọn béèrè títí, àwọn ò fún un.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni àwọn ọmọ wọn, Bọ́láwálé, Ọmọ́níyì àti Ọpẹ́olúwa; ọmọ-ọmọ wọn, Olúwadámiláre, àti àwọn ọmọ-ọmọ yòókù, pẹ̀lú Bàbá Májẹ́kódùnmí, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn.

Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ̀yin ará ilé, ṣáláńgá náà wà lẹ́yìn ilé. Omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Oyèbọ́lá ọmọ Kìtán, ẹ sùn re o. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn.