Ẹ̀yìn Aago Zvonko

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje oṣù Keje, 2016
Aago tó wà lọ́wọ́ mi lónìí: Aláriwo. Ó ti fi ìṣẹ́jú méjì yá láti àárọ̀. Mo dá a padà.
Zvonko kò wá mu kọfí. Ọdún mọ́kàndínlógún la ti ń jókòó sídìí fèrèsé ilé búrẹ́dì yẹn ní Ọjọ́bọ̀, kò pa á jẹ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Jelka ọmọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bàbá ti le sí i, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn wá sílé, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́hùn-ún. Mo dá nìkan jẹ páì mi. Òjò lórí òkun. Gbogbo ọkọ̀ apẹja ló so mọ́ èbúté.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 9
Lọ́wọ́: Opó — èyí tí mo rà lọ́wọ́ obìnrin kan ní Whyalla lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú.
Mo lọ wo Zvonko. Ó ti rù. Rọ́bà atẹ́gùn ní imú. Aago rẹ̀ ti tóbi jù fún un, ó ń yọ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìdajì apá. Ó wo tèmi, ó ní, “Tíṣà, aago olóògbé lo tún so mọ́wọ́ wá kí aláìsàn.” Mo ní ṣebí kí olóògbé lè fi ọ̀nà hàn án ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Nígbà tí ikọ́ lọ, ó ní ó ku ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ kí n ṣe fún òun. Kí n ṣí ẹ̀yìn aago náà lójú òun. Láti ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ òun, òun kò rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Èmi ni mo máa ń mú un lọ sílé lọ fọ̀.
Mo ní irinṣẹ́ tí mo fi ń ṣí i ti sọnù. Irọ́ ni. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, níbi tó máa ń wà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10
Kí n kọ ọ́ síbí, nítorí n kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí.
Zvonko ní ẹ̀gbọ́n, Mate. Àwọn méjèèjì jọ ń wọ inú òkun lọ ṣa ìgbín òkun. Mate ní aago kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun ojú omi tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sísàlẹ̀ omi. Lọ́dún 1971, ó wọlé sínú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò jáde mọ́. Wọn kò rí òkú rẹ̀, wọn kò rí aago. Láti ìgbà náà ni Zvonko ti ń wá irú aago yẹn kiri. Ibẹ̀ ni àìsàn aago ti ràn án. Ìfẹ́ aago náà ló pa àwa méjèèjì pọ̀.
Èmi ni mo rí ọ̀kan fún un, ní 1997, lọ́jà àwọn ẹrù àtijọ́ ní Adelaide. Mo gbé e délé búrẹ́dì. Ó sunkún níṣojú gbogbo oníbàárà. Ó so ó mọ́wọ́, kò wọ òmíràn mọ́.
Ọdún kẹta ni mo kọ́kọ́ tú u palẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ rárá, ti ilé iṣẹ́ mìíràn ni, yẹpẹrẹ lásán. Wọ́n ti tún ojú rẹ̀ kùn. Ọwọ́ tó ń ka wákàtí, wọ́n yọ ọ́ lára aago mìíràn. Èmi tí gbogbo èèyàn ń pè ní ọ̀mọ̀ràn aago, wọ́n lù mí ní jìbìtì lójú mọmọ.
Mo fẹ́ sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo bá a tó ti na ọwọ́ tí aago ti máa ń wà sí ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì, ó ń sọ ìtàn Mate fún un. Mo gbé aago fún Zvonko. Mo ní, “Ó ti mọ́ báyìí.”
Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 13
Lọ́wọ́: Sùúrù. Ó ń fà sẹ́yìn.
Jelka pè. “Barba Rowley, ẹ ti rí irinṣẹ́ yẹn? Ó ń bi mí ṣáá bí ọmọ kékeré.” Barba — àwọn ará ilé wọn ló máa ń pe àgbà ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.
Mo ní mo ṣì ń wá a.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15
Mo ṣì ń wá a.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18
Mo mú irinṣẹ́, mo lọ.
Jelka gbé tírè lé bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo tẹ́ aṣọ funfun sí i. Jelka jáde lọ ra oògùn. Zvonko bọ́ aago fúnra rẹ̀. Ibi tí aago wà lára ọwọ́ rẹ̀ funfun bí ikùn ẹja. Mo rọra yí ìdérí ẹ̀yìn títí ó fi tú. Mo rò pé ojú rẹ̀ kò ní í ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó na ọwọ́, ó gba awò kékeré tí a fi ń wo inú aago lọ́wọ́ mi, ó ki í bọ ojú.
Ó wò ó títí.
Ó ní, “Orúkọ ta nìyí?”
Mo ń ká etí aṣọ funfun náà.
“Kì í ṣe ti àwọn tó ṣe aago nìyí, Tíṣà.” Ìwé kan náà la jọ kà. Ohun tí mo mọ̀, ó mọ̀ ọ́n. Ó yọ awò lójú díẹ̀díẹ̀. “Ṣé o mọ̀?”
Ó ti wà létè mi pé rárá, wọ́n lu àwa méjèèjì ni. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. À bá jọ bú ọlọ́jà yẹn, à bá jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó ń wò mí.
“Mo mọ̀.”
“Láti ìgbà wo?”
“Láti ọdún kẹta.”
Mo rí i tó ń ṣírò rẹ̀. “Ọdún mẹ́rìndínlógún. Èmi ń sọ̀rọ̀ Mate fún ayé gbọ́, ìwọ ń mu kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”
Mo ní n kò fẹ́ ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́ ni.
Ó ní, “Ta ló fi ọ́ ṣọ́ ayọ̀ mi?”
Kò pariwo. Bí ẹni ń béèrè iyọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó ní kí n dé e. Mo dé e. Mo fẹ́ so ó padà fún un, ó fa ọwọ́ bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21
Mo ra páì méjì, mo gbé e lọ. Jelka pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. “Ó ń sùn, Barba.” Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú yàrá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 23
Ó ń sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 26
Mo kọ lẹ́tà. Ojú ewé mẹ́ta. Mo kà á. Ewé mẹ́ta àwáwí. Mo fà á ya.
Mo pe Jelka. Ó ní kò jẹun láti àná. Ó ní kò fi aago sọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ló ń bi òun pé kí ni aago wí. Ó ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀ láàrin yín?” Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 27
Zvonko kú láàárọ̀ yìí. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ara aago orí sítóòfù ni Jelka ti wo àkókò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ
Lọ́wọ́: kò sí.
Wọ́n tẹ́ ẹ kí a lè wò ó, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kóòtù dúdú. Rósárì láàrin ìka. Mo tẹ̀ síwájú láti kí i, mo rí aago náà lọ́wọ́ rẹ̀.
Jelka wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di apá mi mú. “Mo so ó mọ́ ọn lọ́wọ́, Barba, ṣùgbọ́n aago ti kú, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i. Bàbá kì í jáde láìjẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́.”
Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn wa, wọ́n ń dúró kí ó kàn wọ́n. Mo ti ọwọ́ kóòtù rẹ̀ sókè. Ara tutù yẹn. Mo fi ìka méjì yí i, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kún. Mo gbé e sí àsìkò. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú. Mo fa ọwọ́ kóòtù bò ó.
N kò lè bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Èèyàn pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì
A sin ín. Afẹ́fẹ́ le. Ẹnì kan ní kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, mo ní ohùn mi ti há.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11
Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi dé ilé búrẹ́dì. Mo jókòó sí àyè mi. Mo kọjú sí ìjókòó rẹ̀.
Jelka wọlé. Kò wá síbẹ̀ rí ní Ọjọ́bọ̀. Ó jókòó sí ìjókòó bàbá rẹ̀, kò bọ́ kóòtù. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní òun kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí a ti sin ín.
Ó ní, “Barba, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ó kìlọ̀ fún mi. Ó ku ọ̀la kó kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má fi aago yẹn sin òun. Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé. Báwo ni mo ṣe máa sin bàbá mi lọ́wọ́ òfìfo? Mo bá so ó mọ́ ọn.” Ó nu imú. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù lọ. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo ṣe dáadáa?”
Mo wo kọfí mi. Ọmọbìnrin búrẹ́dì ń nu tábìlì kejì. Jelka kò gbé ojú kúrò lára mi, ojú Zvonko gan-an.
Mo ní, “O ṣe dáadáa, ọmọ mi.”
Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó bọ́ kóòtù. Ó bu lára páì mi, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò tíì jẹun látọjọ́ yẹn. Ó ní bóyá òun á lè sùn lónìí.
Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní bí n kò bá kọ̀, òun á máa wá ní Ọjọ́bọ̀, ká jọ máa sọ̀rọ̀ bàbá.
Mo ní kó máa wá.